Bí Etí Mi Ṣe Kọ̀ Mí ní Ìjẹ̀bú-Òde

Èdè Ìjẹ̀bú ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Odindi oṣù mẹ́rin ni mo fi ń tan ara mi pé etí mi ò ṣe nǹkan kan, pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni wọn ò sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa.

Kétu ni ilé wa, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ọmọ Yorùbá ti ń kọ́ Faransé nílé ìwé dípò Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí mo rí iṣẹ́ tíṣà Faransé ní ilé ìwé aládàáni kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, mi ò kà á sí pé mò ń lọ sí ìdálẹ̀. Lójú tèmi, ilé àbúrò bàbá mi ni mò ń lọ. Yorùbá kúrò nílé, ó lọ bá Yorùbá, kí ló tún kù? Ọlọ́kadà tó gbé mi láti gáréèjì lọ́jọ́ tí mo dé ló kọ́kọ́ là mí lójú. Mo júwe ibi tí mò ń lọ fún un, ó yíjú padà, ó wò mí dáadáa.

"Àgànyìn ni yín, àbí?"

Mo ní rárá o, Yorùbá ni mí, ará Kétu.

"Ṣé Kútọnu?"

"Kétu."

"Kútọnu náà ni," ó ní, ó sì ṣáná sí ọkadà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ará Kútọnu, èmi tí mi ò gbé Kútọnu rí láyé mi.

Ilé Alhaja Sìdíkátù ni mo gba yàrá sí, lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí kan. Opó ni Alhaja. Àwo àti ìkòkò ló ń tà lọ́jà, àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká, ọ̀kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà ní Ìbàdàn. Tí òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń ti Ìmùṣin wá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Ìjẹ̀bú láàárín ara wọn, ńṣe ni mo máa ń jókòó bí ère. Wọ́n á ní "uṣẹ́", mo mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Wọ́n á ní "dede", ó di ọjọ́ tí mo bèèrè kí n tó mọ̀ pé "gbogbo" ni. Ìyókù ń fò kọjá lókè orí mi bí ẹyẹ. Alhaja á wá yíjú sí mi, á fi Yorùbá gbogbo ayé tún un sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bu oúnjẹ fún ọmọdé. Ó máa ń tì mí lójú. Ẹni tí kò bá gbọ́ ẹ̀fẹ̀ nínú ilé kan, àlejò ló ṣì jẹ́ níbẹ̀, kódà bó ti ń gbá àgbàlá ilé ọ̀hún láràárọ̀.

Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ. Kí ọdún kan tó pé, mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fi Ìjẹ̀bú dá Alhaja lóhùn, ó pàtẹ́wọ́, ó ké sí aládùúgbò pé kó wá gbọ́ Kútọnu tó ń sọ Ìjẹ̀bú. Mo rò lọ́jọ́ náà pé mo ti dé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Ó ń ta ẹ̀kọ ní Kétu, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ tí kò ní rò fún mi: ewúrẹ́ tó bímọ, ìyàwó tó kó ẹrù jáde, ẹni tó ra ẹ̀kọ tí kò dá ewé padà. Ìyá mi ò mọ̀wé. Ohùn rẹ̀ nìkan ni lẹ́tà tó lè kọ sí mi. Màá dùbúlẹ̀, màá gbé fóònù lé etí ọ̀tún, màá di ojú, nígbà mìíràn mi ò ní sọ ju "ẹn-hẹn" lọ fún wákàtí kan. Ọ̀sẹ̀ tó le jù, ohùn yẹn ló ń gbé mi la á já.

Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn ni ojú mi òsì ṣú. Bí ẹni fi aṣọ gèlè dúdú bò ó ló rí, ó sì ń dùn mí tí mo bá yí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó là fúnra rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú, tí àárẹ̀ sì ń mú mi lọ́nà tí oorun ò lè lé lọ. Mo ní ìdúró ni, ta ló ń dúró kọ́ni látàárọ̀ tí ẹsẹ̀ ò ní ro?

Ariwo kan dé sí etí mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mò ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé. Ohùn tín-ín-rín kan ni, ó gùn, kò gé, bí ẹ̀fọn tí wọ́n sé mọ́ inú agolo.

"Alhaja, ta ló tan jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀ yìí?"

Alhaja gbójú sókè nínú ẹ̀fọ́ tó ń já. "Jẹnẹrétọ̀ wo? Ṣebí iná wà."

"Ẹ ò gbọ́ ọ ni?"

"Kí ni kí n gbọ́?"

Mo fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ di etí mi méjèèjì. Ariwo náà ò lọ. Ńṣe ló tún le sí i, nítorí pé mo ti tilẹ̀kùn mọ́ ara mi pẹ̀lú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, kò dákẹ́ rí, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

Alhaja yọ́ òrí, ó kán an sí mi létí. Oníkẹ́míìsì fún mi ní omi etí. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ìbẹ̀fún, gbàdúrà sí mi lórí, ó ní kí n gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbà á. Ní ọjọ́ kẹrin, ariwo náà wà níbẹ̀, etí ọ̀tún sì ti ń di. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn wá ń dé ọ̀dọ̀ mi bí ohun tí wọ́n fi òwú wé. Mo ń gbọ́ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìjẹ̀bú tí mo ti fi ọdún kan kọ́ tún padà di èdè àjèjì. Ìdí nìyẹn tí mo fi dá a lẹ́bi. Mo ní bóyá ìsọ̀rọ̀ wọn ló ń yára jù, bóyá ọpọlọ mi ló ti gbó sí ẹ̀kọ́. Ó wù mí kó jẹ́ èdè ni, torí pé a lè kọ́ èdè.

Mo wá mọ oríṣiríṣi ẹ̀rín. Ẹ̀rín tí a fi ń dáhùn ìkíni tí a ò gbọ́. Ẹ̀rín tí a fi ń sá kúrò nínú ìjíròrò. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ọjà lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi látẹ̀yìn, awakọ̀ náà yọ orí síta, mo rí ẹnu rẹ̀ dáadáa nígbà tó ní, "Ṣé adití ni ẹ́ ni?" Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo fẹ́ fún un lésì, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá irọ́ ló pa.

Ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ náà ti tú síta. Tí mo bá wọ kíláàsì, àwọn ọmọ máa ń dìde, wọ́n á fi Faransé kí mi papọ̀, n óò sì ní kí wọ́n jókòó. Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè kan mo wọlé, gbogbo wọn dìde. Mo rí ètè wọn tó ń pàdé, tó ń yà. Ẹnu bí ọgbọ̀n ń lọ sókè sódò níwájú mi, mi ò sì gbọ́ nǹkan kan àyàfi ariwo inú orí mi.

 Mo ní, ó ti parí, ó ti lọ tán. Mo di etí tábìlì mú. Mo la ẹnu pé kí wọ́n jókòó, ohùn ara mi sì dún, mo gbọ́ ọ gbangba. Ìgbà náà ni mo rí ọmọbìnrin kan níwájú tó fi ìwé bo ẹnu, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọn ò sọ̀rọ̀ rárá. Wọ́n kàn ń la ẹnu lásán ni, láti wo ohun tí màá ṣe.

Mi ò nà wọ́n, mi ò sì jágbe mọ́ wọn. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù, tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé inú mi dùn. Inú mi dùn pé ẹ̀sín ni wọ́n ń fi mí ṣe, nítorí pé bó bá jẹ́ ẹ̀sín ni, a jẹ́ pé etí mi ò tíì kú tán. Mo jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, ẹkún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n mí.

Misis Odùsànyà tó ni ilé ìwé náà wá bá mi níbẹ̀. Ó dúró ní apá òsì mi, ó sì rẹ ara sílẹ̀ kí n lè rí ojú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ó ní, "àwọn òbí ti ń wá bá mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ ń ṣi Faransé pè tí wọ́n bá ń kàwé sókè, ẹ sì ń sọ pé ó tọ̀nà. Mi ò lé yín o. Ṣùgbọ́n ẹ lọ yẹ etí yìí wò."

"Mo ti lo omi etí, Mà."

"Kì í ṣe omi etí mọ́, Màdáámù. Ẹ lọ rí dókítà."

Dókítà tí mo rí ní Ìjẹ̀bú-Òde fi iná wo inú etí mi, ó ní kò sí ìdọ̀tí kankan níbẹ̀. Ó bi mí nípa ẹsẹ̀, ó bi mí nípa ojú. Bí mo ṣe ń dáhùn ni ojú tirẹ̀ ń yí padà. Ó kọ ìwé fún mi lọ sí Ìbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wà. Alhaja ti ọjà rẹ̀ pa, ó ní òun ò ní jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ nìkan lọ.

Dókítà tó fẹ́ sọ èsì fún wa fi ìbòmú bo ẹnu. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, mo ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ògiri. Alhaja na ọwọ́ sí i.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ nǹkan ẹnu yín yẹn. Ẹnu yín ló fi ń gbọ́ràn."

Dókítà náà yọ ọ́, ó tọrọ àforíjì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní iṣan tó dà bíi wáyà iná wà nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn wa, wọ́n ń gbé iṣẹ́ lọ, wọ́n ń gbé iṣẹ́ bọ̀. Ó ní nǹkan kan bo wáyà yẹn bíi rọ́bà. Àwọn ọmọ ogun inú ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń jẹ rọ́bà náà. Níbi tó bá ti bó, iṣẹ́ ò ní dé ibi tó ń lọ, tàbí kó dé ní ìdàkudà. Ojú tó ṣú lọ́jọ́sí, òun náà ni. Ẹsẹ̀ tó ń kú, òun náà ni. Ó ní kì í sábà mú etí, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé fún mi, multiple sclerosis, ó ní MS ni wọ́n máa ń gé e kúrú sí.

Alhaja tún gbogbo rẹ̀ sọ fún mi ní etí òsì, bó ti ń ṣe nígbà tí mi ò gbọ́ Ìjẹ̀bú. Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí mi ò láyà láti bèèrè.

"Kí ló ń wò ó?"

"Mọ́mì, kò tíì sí ohun tó ń wò ó tán. Oògùn wà tó lè mú kó rọra máa rìn, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti rí níbí."

"Ariwo etí yẹn ńkọ́?"

Dókítà wò mí kó tó dáhùn. "Ó lè dínkù. Ó sì lè máà lọ."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa padà, Alhaja di ọwọ́ mi mú láti Ìbàdàn títí dé Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ń wo igbó tó ń sáré kọjá. Ohun tó ń ṣe mí ò tíì jọ ẹkún nígbà yẹn. Mo kàn ń rò ó pé ara mi gan-an ló ń bá mi jà, kò sì sí ààlà kankan tí mo lè sọdá láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nílé ìwòsàn ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n fa oògùn tó ń pẹ̀tù sí ìjà náà sí mi lára fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ ìró ṣíbí nínú ife nọ́ọ̀sì kan tó ń po tíì, etí ọ̀tún ni mo sì fi gbọ́ ọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún pò ó. Ó rò pé orí mi ti dàrú, ṣùgbọ́n ó tún pò ó. Ibi tí etí náà padà dé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ariwo ò kúrò.

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo tú àga kíláàsì, mo tò wọ́n yíká kí n lè máa rí gbogbo ẹnu. Misis Odùsànyà gba kíkàwé sókè lọ́wọ́ mi, ó fi í fún ẹlòmíràn, ó fi gírámà àti ìwé kíkọ sílẹ̀ fún mi. Mo dúpẹ́. Mo sì mọ̀ pé tí ìjà mìíràn bá tún bẹ́ sílẹ̀ nínú ara yìí, bóyá ní etí òsì, bóyá ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé, kò sí àga tí mo lè tò tí yóò tún un ṣe. Tí mo bá jí láràárọ̀, mo máa ń dùbúlẹ̀ díẹ̀, mo máa ń yẹ ara mi wò bí ẹni tí olè ti wọlé rẹ̀ rí: ojú dà, ẹsẹ̀ dà, ìka dà.

Mi ò sọ fún ìyá mi. Tí mo bá sọ ọ́, ó máa ní kí n máa bọ̀ nílé, kí ni màá sì bọ̀ wá ṣe, kí n wá jókòó tì í níwájú ìkòkò ẹ̀kọ? Mo ń pè é lọ́jọ́ Àìkú bí àtijọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ò ní ojú, kò ní ètè, ariwo náà sì ń bo ohùn inú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kódà ní etí òsì. Ohùn rẹ̀ di igbe kòkòrò láàárín igbe kòkòrò. Mo ti mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ́, mo mọ ibi tó máa ń ga àti ibi tó máa ń lọ sílẹ̀. Tí ó bá ga, mo ní "Ẹn-hẹn?" Tí ó bá lọ sílẹ̀, mo ní "A dúpẹ́." Mo fi ọgbọ́n yìí lo oṣù mélòó kan, kò sì fura.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ó sì pẹ́ nísàlẹ̀. Mo ní, "A dúpẹ́, Ìyá. Ẹ bá mi kí wọn o." Fóònù kú. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, mo lọ se ìrẹsì.

Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi kí ìrẹsì tó jinná. "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Ìyá ṣe fún yín? Wọ́n ní àwọn sọ fún yín pé Táńtì Fọlákẹ́ ti kú, ẹ ní a dúpẹ́, ẹ ní kí àwọn bá yín kí wọn. Wọn ò tíì dákẹ́ ẹkún."

Àbúrò ìyá mi ni Táńtì Fọlákẹ́. Òun ló gbé mi pọ̀n nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, òun ló kọ́ mi ní orin Faransé àkọ́kọ́ tí mo mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti sin ín láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Mo bá Alhaja ní fàráńdà, mo fi fóònù hàn án. Ó ní òun ò gbé dígí rẹ̀ wá, kí n kà á fún òun. Mo kà á. Alhaja bo ojú rẹ̀.

"Pè é," ó ní. "Sọ fún un."

"Alhaja, mi ò ní gbọ́ èsì."

"Èmi á gbọ́ ọ. Pè é, ọmọ mi."

Mo pè é. Mo rí i lójú fóònù pé wọ́n ti gbé e. Mi ò dúró kí ó sọ ohunkóhun.

"Ìyá, ẹ má dáhùn. Mi ò ní gbọ́ yín. Mi ò gbọ́ yín láti ìgbà pípẹ́. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ nípa Táńtì. Irọ́ ni mo ń pa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú tí mo ní mò ń gbọ́. Àìsàn kan ló ń ṣe mí, nínú ọpọlọ, ó ti mú ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó ti mú ẹsẹ̀ mi, ó ti mú etí mi. Dókítà ní kò sí ohun tó ń wò ó tán. Ẹ má bínú. Ìyá, ẹ má bínú sí mi."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìmí. Lẹ́yìn náà mo gbé fóònù fún Alhaja. Ó fi sí etí, mo sì ń wo ojú rẹ̀ bí mo ṣe wo ojú dókítà. Ètè rẹ̀ ò mì. Ó kàn ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Ó gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró.

"Alhaja, kí ni wọ́n ń sọ?"

"Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan," Alhaja ní. Ó sọ ọ́ sí mi lójú, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Orúkọ kan ló ń pè. Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́, Àṣàkẹ́. Ta ni Àṣàkẹ́?"

 Ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí ò pè mí ní oríkì mi rí. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e lé etí ọ̀tún, mo gbé e lé etí òsì, ariwo yẹn nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, "Èmi rè é, Ìyá." Mo tún ní, "Èmi rè é." Mo ń wí i, mo tún ń wí i, títí Alhaja fi fọwọ́ kàn mí léjìká, tó sì tọ́ka sí ojú fóònù.

Ìlà ti gé. Mi ò mọ ìgbà tó ti gé.